Etí Agbóhùn-Irin

Àwọn tó ń gbé alùpùpù wá sí ṣọ́ọ̀bù wa kì í pe bàbá wa lórúkọ. Agbóhùn-Irin ni wọ́n ń pè wọ́n. Bó o bá ti tan ẹ́ńjìnì ẹ, Bàbá á tẹ́tí sí i díẹ̀, wọ́n á ní, "Fáfù ẹ̀ ló ń sunkún," tàbí, "Bíárìn ẹ̀yìn ni, ó ti ń pọ̀kàkà ikú." Wọn kì í ṣì í. Ṣọ́ọ̀bù òdìkejì á tú gbogbo ìfun ẹ́ńjìnì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é, bàbá wa á ti sọ ọ́ kó o tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀. Nítorí etí yẹn làwọn èèyàn ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn wá.

Èmi ni àkọ́bí wọn, èmi ni mò ń jó irin pọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, iná ló kọ́ mi. Oníbàárà tó bá ní òun ò fẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà òun, mo máa ń ní kó gbé e lọ fún bàbá ẹ̀ kó bá a fi okùn so ó.

Èmi náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé etí Bàbá ti di. Mo dúró lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n na sípánà sí mi. Wọn ò mira. Mo tún un sọ, mo kígbe ẹ̀, wọn ò mira. Ìgbà tí mo yí wá síwájú wọn, wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n sì na sípánà sí mi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ràn. Ariwo ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn gbọ́ ti jẹ etí náà tán pátápátá. Tó bá kan ti ẹ́ńjìnì, wọ́n á fi eyín di ìdí sukudíráfà gígùn mú, wọ́n á fi orí ẹ̀ kan irin, ìgbọ̀nrìrì á gba egungun àgbọ̀n wọ inú orí wọn. Àwọn oníbàárà rò pé àṣà tuntun ni.

"Ìyá mi," Bàbá sọ fún mi lọ́jọ́ náà, "bó o bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, o ti sin mí láàyè. Má sọ ọ́ fún àbúrò ẹ pàápàá."

Mi ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ò ní àmì ohùn lórí. Bí ètè ṣe ń ṣe fún ọkọ̀ náà ló ń ṣe fún ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, kò sì yàtọ̀ sí ti ọkọ tó jókòó sílé tí ò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí mo bá ń bá Bàbá sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi máa ń bá ohùn mi rìn: bí ohùn bá gòkè, ọwọ́ á gòkè, bó bá wálẹ̀, ọwọ́ á wálẹ̀. Àwọn èèyàn ní ṣe ni mò ń lé eṣinṣin. Mo ní eṣinṣin kọ́, òórùn ẹnu wọn ni.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìjì, ló gbé tọ́bò wọlé. Ó yọ ọ́ lára mọ́tò kékeré kan tó ti forí sọ igi. Ohun tó fẹ́ ṣe ò ṣòroó yé èèyàn: èéfín tó ń tú jáde nínú ẹ́ńjìnì máa yí àgbá kékeré kan, àgbá yẹn á yí ìkejì ẹ̀, ìkejì á máa ti afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnì tipátipá. Afẹ́fẹ́ púpọ̀, epo púpọ̀, agbára púpọ̀. Alùpùpù tó ń mí gúlegúle lórí òkè á máa gun òkè bí ewúrẹ́.

"Ẹ́ńjìnì kékeré ni," Bàbá wí. "Àyà ọmọ ọwọ́ lo fẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ àgbàlagbà sí. Á bẹ́."

"Bàbá, ọmọ ọwọ́ náà ń dàgbà."

"Ó ń dàgbà. O ti rí èyí tó dàgbà lọ́sàn-án kan?"

A rẹ́rìn-ín, a sì ṣe é. Ìjì ki irin pẹlẹbẹ sábẹ́ sílíńdà kí ẹ́ńjìnì má baà fún afẹ́fẹ́ náà jù. Èmi ni mo tẹ páìpù, tí mo jó o pọ̀. Ó wá ku rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ẹ̀gbẹ́ tọ́bò lọ sí ilẹ̀kùn èéfín. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tó, rọ́bà yìí ló ń sọ fún ilẹ̀kùn pé kó ṣí, kí èéfín gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Láìsí i, tọ́bò ò mọ "ó tó."

Ọ̀gá kan tó ń fi alùpùpù kó ẹrù lọ sáwọn ilé orí òkè ní òun máa wá wò ó. Bó bá wù ú, gbogbo alùpùpù ẹ̀ ló máa kó fún wa, Ìjì á sì jókòó sílé. Bí kò bá wù ú, ṣọ́ọ̀bù kan níbi tó jìnnà ti ń pe Ìjì, ó sì ti ń di báàgì ẹ̀. Bàbá fẹ́ kó dúró. Wọn ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí wọn tí wọ́n ń fi aṣọ nu tọ́bò tí wọ́n bú náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀gá náà dé, àwọn oníbàárà kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìjì jókòó lórí alùpùpù, ó ń fún un níná, ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà já bọ́ kúrò lẹ́nu tọ́bò, afẹ́fẹ́ ń pòṣé níbẹ̀. Bàbá ló sún mọ́ ọn jù. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ dígí iṣẹ́ lójú.

"Ẹ dì í, Bàbá," Ìjì wí. "Ẹ yáa dì í."

Bàbá wo ẹnu ẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìjì ò jẹ́ kí n rí ọwọ́ wọn. Òṣé náà dákẹ́. Ìjì gbéra.

Ó gun òkè yẹn débi tí ọ̀gá náà fi yọ ọwọ́ lápò. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró kan bí ẹni fi òòlù lu àgbá. Ìjì ti alùpùpù sọ̀ kalẹ̀, ìgúnpá ẹ̀ ti bó, epo dúdú ń kán tẹ̀ lé e. Písítìn ti lu.

"Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹrù mi ló wà lẹ́yìn ẹ̀," ọ̀gá náà wí, ó sì lọ.

Ìjì kúnlẹ̀ ti ẹ́ńjìnì. Rọ́bà náà wà lábẹ́ táǹkì, wọ́n ká a mọ́bẹ̀ dáadáa. Bóòtù kékeré kan ni wọ́n fi dí ihò ẹnu tọ́bò pa, wọ́n sì fún un le. Ó dìde, ó kojú sí Bàbá.

"Ta ló fi bóòtù síbí?"

"Èmi ni."

"Mo ní kẹ́ ẹ dì í. Kẹ́ ẹ fi wáyà dì í."

Mo rí ojú Bàbá tó wá ọwọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ náà wálẹ̀, mo gbé e gòkè. Ó yé wọn. Dì í ni, kì í ṣe dí i. Ètè kan náà ni. Àwọ̀ ojú wọn yí padà bí irin tó kúrò nínú iná.

"Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?" Ìjì bi wọ́n.

"Agbóhùn-Irin ni ò ní gbọ́?" oníbàárà kan dá sí i, àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè náà rọrùn. Ká ní wọ́n sọ pé àwọn ò gbọ́, ì bá tán síbẹ̀. Bàbá wo àwọn èèyàn tó yí wọn ká, wọ́n wo ẹ́ńjìnì àwọn tó ń dúró de etí wọn.

"Mo gbọ́," wọ́n wí. "Mo gbọ́ ẹ dáadáa. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ dí i ni. Mo ti sọ fún ẹ pé á bẹ́, o ò gbọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ fẹ́ pa mí torí kọ́rọ̀ yín lè ṣẹ," Ìjì wí. Ohùn ẹ̀ kéré. "Ó dáa, Bàbá. Ẹ ti borí." Ó kọjá lára wọn, ó lọ gbé báàgì tó kó aṣọ ẹ̀ sí.

Bàbá yọ aṣọ ìnuwọ́ lápò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́. Wọ́n máa jẹ́ kọ́mọ wọn lọ, kó gbà pé ìkà ni wọ́n, kí aráyé má baà mọ̀ pé adití ni wọ́n. Mo ti pa ẹnu mọ́ fún wọn tó. Mo rìn bọ́ sẹ́yìn wọn.

"Bàbá," mo wí, "petiróòlù ń jó lẹ́yìn yín."

Oníbàárà kan fò. Òmíràn gbá alùpùpù ẹ̀ mú. Ìjì yíjú padà. Bàbá ń nu ọwọ́.

"Bàbá, iná ti dé gìgísẹ̀ yín."

Wọ́n ń nu àtàǹpàkò. Wọ́n fara balẹ̀ nu àárín ìka.

Bàbá gbójú sókè, wọ́n rí ojú gbogbo èèyàn, wọ́n tẹ̀ lé ibi tí ojú náà ń wò, wọ́n yíjú, wọ́n bá mi níbẹ̀ tí ẹnu mi ṣì là sílẹ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n ká aṣọ náà, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

Ọkùnrin tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bóòtù àti nọ́ọ̀tù ẹ̀ sínú agolo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ò fẹ́ pariwo nílé ọ̀fọ̀. Òmíràn tan alùpùpù ẹ̀, ó lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Ìjì ju báàgì sílẹ̀. Ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ sínú epo tó dà sílẹ̀, ó dìde lórí eékún, ó di ọwọ́ Bàbá méjèèjì mú.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ni. Mi ò ní lọ mọ́. Ẹ wò mí, Bàbá mi, mi ò ní lọ."

Bàbá wò ó. Wọ́n wo ẹnu ẹ̀ títí, wọ́n rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n wá di ojú méjèèjì.

Mo mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ojú yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn tó kù tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, wọ́n sì ti tì í. Àbúrò mi ò tíì mọ̀. Ó rò pé ẹkún ni Bàbá fẹ́ sun. Ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè sọ fún bàbá ẹ̀.