Ìyá Ìgò àti Ẹnjiníà Tó Mọ Gbogbo Nǹkan

Ọjọ́ tí Ìyá Ìgò kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ po ìgò lílọ̀ mọ́ kọnkéré, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọkùnrin tó kàwé débi pé kì í fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì mọ́, kí ni obìnrin tó ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù láti ogún ọdún fẹ́ kọ́ ọ?

"Ìyàwó wa, ṣé o fẹ́ fi ìgò gún gbogbo ìlú lẹ́sẹ̀ ni?"

"Rárá o, ọkọ mi. Mo máa lọ̀ ọ́ kúnná."

Àkọ́kọ́ tó ṣe, kò kúnná tó. Kí ọdún tó yí po, kọnkéré náà ti là káàkiri bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ó kó o dànù, ó tún ìgò lọ̀, ó sì ń jọ̀ ọ́ títí ó fi dà bí àtíkè. Nínú òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì márùn-ún, ó yọ ọ̀kan, ó fi ìyẹ̀fun ìgò dípò rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú ń wá búlọ́ọ̀kù tí wọ́n máa tẹ́ sójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, ni wọ́n bá ní kí ẹnjiníà gbé ti Ìyá Ìgò lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ́ búlọ́ọ̀kù wò. Lọ́jọ́ keje, ó gbé èsì dé tayọ̀tayọ̀.

"O kú oríire, ìyàwó wa. Bisikíìtì lo ṣe."

"Ẹ ṣé, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí ìyókù pé àádọ́rùn-ún ọjọ́. Kọnkéré oníìgò kì í tètè le."

Nígbà tí ọjọ́ pé, èyí tó ní ìgò nínú le ju èyí tí wọ́n fi kìkì sìmẹ́ǹtì pò lọ. Ẹnjiníà ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Wọ́n tún un dán wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Níbi ìpàdé ìgbìmọ̀, ta ló dìde? Ẹnjiníà ni. "Ìwádìí mi fi hàn pé…" Ìyá Ìgò ń wò ó láti ẹ̀yìn.

Alága, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi í pé, "Báwo ni ìgò náà ṣe gbọ́dọ̀ kúnná tó?"

Ẹnjiníà gbáyà jáde. "Bí òkúta wẹ́wẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi," Ìyá Ìgò dìde, "yóò là. Ó gbọ́dọ̀ kúnná bí àtíkè."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Alága bi í.

"Èmi ni mo ṣe èyí tó là, mà. Èmi náà ni mo ṣe èyí tí ò là."

Wọ́n gbé iṣẹ́ fún Ìyá Ìgò. Wọ́n fi ẹnjiníà ṣe alábòójútó, torí ó gbọ́dọ̀ bójú tó nǹkan kan. Ní àràárọ̀ ló ń bi í ní ohun tóun máa kọ sínú ìwé, obìnrin náà sì ń sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà, bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá rìn kọjá lórí rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Ìyá Ìgò dúró, ó ń wò ó títí ó fi wọ ilé ìwòsàn, omi ayọ̀ lé ròrò sójú rẹ̀.