Wẹ́dà, Má Dáwọ́ Dúró

Ìdí mi kò gbé ìjókòó láti àárọ̀. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde, màá tún lọ sídìí àpótí tí iná mànàmáná ti ń bá mi sàba ẹyin. Adìyẹ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó kú ló yé wọn. Àrùn lúkúlúkú ti gbá àwọn adìyẹ náà lọ pátápátá. Ẹyin wọ̀nyí nìkan ló kù, ẹ̀rù sì ń bà mí.

"Bàbá wọn, àpótí ń tutù o!"

Ọkọ mi, tó ṣe iṣẹ́ iná títí ó fi fẹ̀yìn tì, rọra gbé mítà rẹ̀ jáde. "Ìyá wọn, ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Èyí tí ẹ̀ ń fẹ̀sọ̀ mú ti fẹ́ kú sínú àpótí!"

Ó wọn iná: àádọ́fà fólítì, áńpíà kan. Ó fi áńpíà pín fólítì. "Àádọ́fà óòmù ni ìdènà inú wáyà tó ń mú àpótí gbóná, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Ara wáyà le koko." Ó wá sọ fólítì àti áńpíà di púpọ̀: àádọ́fà wáàtì. Nígbà tí iná fi ń jẹ́ igba ó lé ogún fólítì, áńpíà méjì ló ń wọlé, ìyẹn òjìlénírinwó wáàtì. Iná ti dín sí ìdajì, ooru sì ti dín sí ìdámẹ́rin.

Ó gé wáyà náà sí méjì ọgbọọgba, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí iná lè gba ọ̀nà méjì. Ooru dé. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí àwọn òròmọdìyẹ ń fi ẹnu kan èèpo láti inú. Tó bá ti di báyìí, a kì í ṣí àpótí mọ́. Atẹ́gùn á gbẹ awọ inú ẹyin mọ́ ọmọ lára, kò sì ní lè jáde.

Lójijì, gílóòbù yàrá mọ́lẹ̀ kedere. Mo yọjú wo inú àpótí láti ojú gíláàsì: wáyà ti pọ́n. Ọkọ mi sáré pa iná, ó dọwọ́ borí.

"Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ wa ló ń fa iná wálẹ̀! Ìgbà tó ń jó irin nìkan ni mo wọ̀n ọ́n. Tó bá ti simi, áńpíà mẹ́jọ á wọlé, wáyà á já, a ò sì lè ṣí àpótí tún un tò."

Mi ò gbọ́ èyí tó kù. Mo ti dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, ó ń kó irinṣẹ́.

"Wẹ́dà, jọ̀ọ́, má dáwọ́ dúró!"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Màámi, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ariwo mi fẹ́ pa yín? Mo ti parí géètì."

"Jó nǹkan míì. Jó ohunkóhun!"

Ẹnu tí mo fi ń bú u láti ọjọ́ yìí ni mo fi sọ̀rọ̀ ìyá mi fún un. Ojú tì mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ó fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀, ó mú àjákù irin.

Bó bá fẹ́ jó irin, á pariwo, "Ẹ tan án!" Bó bá fẹ́ simi, á ní, "Ẹ pa á!" Ọkọ mi á dáhùn láti ojú fèrèsé. Èmi tí mi ò lè jókòó, mo dúró gbọn-in, mo ń bá a di irin mú, títí ọkọ mi fi kígbe pé èyí tó gbẹ̀yìn ti jáde, wọ́n sì ń ké.

Wẹ́dà gbé ìbòjú sókè, ó wo ohun tó jó. Kì í ṣe àga, kì í ṣe géètì.

"Màámi, kí ni mo ṣe yìí?"

"Ilé adìyẹ ìyá mi ni," ni mo wí.