Géèjì Ẹ́ńjìnnì Kejì

Ẹ bá mi dá ọ̀rọ̀ yìí rò. Wọ́n ní kí obìnrin kan máa ṣọ́ géèjì, aago tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ó ṣọ́ géèjì. Wọ́n wá torí pé ó ṣọ́ géèjì sọ pé ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin náà fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjíníà inú bàálù, iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe. Bàálù tí wọ́n ń lò, ìjọba Sófíẹ̀tì àtijọ́ ló ṣe é. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ní, páìlọ́ọ̀tì méjì ò sì lè dá a fò. Ẹnì kẹta gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn wọn, kó kọjú sí pátákó ńlá kan tí géèjì àti súìṣì kún fọ́fọ́. Epo o, iná o, afẹ́fẹ́ o, ọwọ́ ẹni yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan tó máa bá a rántí ohun tó bá gbàgbé. Kéèyàn tó fọwọ́ kan bàálù gidi, inú sìmúlétọ̀ ló ti máa kọ́ ọ. Imú ògbólógbòó bàálù kan ni wọ́n gé, wọ́n gbé e sórí kọnkéré nínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n dí ojú fèrèsé rẹ̀. Kò ní kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n gbogbo géèjì inú rẹ̀ á máa ṣe bí ẹni pé òfúrufú ni wọ́n wà.

Oṣù mẹ́jọ ló fi kọ́ ọ. Kó tó tan ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, nǹkan bí ogójì súìṣì ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Bó bá fo ọ̀kan, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíní. Ó lẹ àwòrán pátákó náà mọ́ ògiri ilé ìdáná, á máa fọ abọ́, á máa kà á sókè. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún gan-an mọ ibi tí súìṣì bẹ́tìrì wà.

Gbogbo wàhálà yìí ò sì bí i nínú. Géèjì kan ṣoṣo ló ń bí i nínú. Nínú sìmúlétọ̀ yẹn, géèjì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kejì ti bàjẹ́ láti ọdún méje. Bí bàálù bá ti gbéra báyìí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á já wálẹ̀ dé òdo. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó fi ìwé pélébé kan bò ó. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, "Ti ẹ́ńjìnnì kejì, ẹ má dá a lóhùn." Ẹ ò rí nǹkan. Àgbàlagbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń gbowó oṣù lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ó-Ti-Tó ni wọ́n ń pe ọ̀gá tó ń dán wọn wò, torí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni béèrè ọ̀rọ̀ dé ìdí. Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, lẹ́yìn tí géèjì yìí kan náà ti mú obìnrin náà fìdí rẹmi nínú ìkíní, ọ̀gá yìí ló jókòó sí àga ọ̀gá páìlọ́ọ̀tì. Bàálù gbéra, wọ́n gòkè dáadáa, abẹ́rẹ́ já wálẹ̀. Obìnrin yìí ké sí i lẹ́ẹ̀mejì bí ìwé ìlànà iṣẹ́ ṣe wí, kò dáhùn. Ló bá fa ọ̀pá, ó pa ẹ́ńjìnnì kejì.

"Ta ló ní kó o pa á?"

"Ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, sà. Ìwé ní kí n pa á kó tó gbiná."

"Ọ́ìlì kankan ò lọ sílẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé irọ́ ni géèjì yẹn ń pa?"

"Ti inú bàálù gidi ńkọ́, sà?"

"Òótọ́ ni tiyẹn ń sọ."

"Ojú kan náà la fi ń wo méjèèjì, sà. Ta ló máa sọ fún ojú pé ibi tí irọ́ parí sí nìyí?"

"Ó ti tó." Ó ti ń kọ̀wé. "Ọjọ́bọ̀ ni ìkẹta. O mọ òfin: ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, ilé ló ń lọ. Fi géèjì yẹn sílẹ̀, kó o gba láísẹ́ǹsì ẹ. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò yọ mí lẹ́nu tó báyìí."

Ó gbé ìbínú náà délé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oúnjẹ lẹ̀gbọ́n ń jẹ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, ìwọ àti géèjì lẹ tún jọ ń jà? Pàásì ná, tó bá yá kó o wá máa tún ayé ṣe. Èmi náà fi í sílẹ̀, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fò."

"Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀." Ó yọ àwòrán pátákó náà nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. "Inú bàálù gidi lẹ wà o. Èrò wà lẹ́yìn, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Ẹ ka géèjì ọ́ìlì fún mi."

Ẹ̀gbọ́n nu ìka, ó nà án sórí ìwé. "Ẹ́ńjìnnì kìíní, ó dáa. Ẹ́ńjìnnì kẹta, ó dáa. Ó kan epo."

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Bákan náà ni.

"Ẹ́ńjìnnì kejì ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá?"

"Mo kà á."

"Ẹ ò kà á."

"Ṣé o fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ nínú ilé mi ni? Wò ó." Ó wá rọra kà á lẹ́ẹ̀kẹta, kí àbúrò lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìka rẹ̀ wà lórí ìkíní. Ó gbéra níbẹ̀, ó fo ìkejì, ó balẹ̀ sórí ìkẹta. Ẹ̀gbọ́n ò gbé ìka náà kúrò mọ́. Ó ń wò ó ṣáá.

"Ọgọ́fà èrò," ó ní. "Lójoojúmọ́."

Ìbínú tí àbúrò gbé wá ò lọ, ńṣe ló di ẹ̀rù mọ́ ọn lára.

"Mi ò rántí ìgbà tí mo wò ó kẹ́yìn," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pe ibi iṣẹ́, ó ní ara òun ò yá, òun ò ní lè fò títí Ọjọ́bọ̀ á fi kọjá. Irọ́ kọ́ ló pa.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wọ gbọ̀ngàn náà. Ẹ̀gbọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí Ó-Ti-Tó kọ́kọ́ dán òun wò, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ìwọ tí mo fi ń yangàn?" Ó-Ti-Tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣáà dán mi wò, sà."

Àbúrò fà á lápá. "Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ yín ni o. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ẹ ò yege, ẹ ò ní fò mọ́."

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì jókòó.

Bàálù gbéra. Ó ka ìkíní, ó fi ìka tẹ gíláàsì ìkejì, ó kà á sókè, ó ka ìkẹta. Ó ké sí ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn. Ó fa ọ̀pá, ẹ́ńjìnnì kejì kú. Bírò Ó-Ti-Tó dúró lókè ìwé, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́, sà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹ kọ ọ́ pé èmi tẹ́ ẹ fún ní láísẹ́ǹsì ti fìdí rẹmi, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, àbúrò mi ló kàn."