Ike Oògùn tó Di Ike Píìnì

Sísọ́ọ̀sì náà tún já bọ́ lọ́wọ́ Lorna Pelkey, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyẹn ẹlẹ́ẹ̀kẹta," ni Armand Thibodeau, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, wí láti orí àga. "Tó o bá tún jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, màá gbé irun mi lọ sílé bó ṣe wà."

"Irun wo, Bàbá?"

Lorna bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un nílẹ̀. Orin kan ṣoṣo ló ti ń jáde látinú fóònù tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí láti nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ilé iṣẹ́ adójútòfò tuntun tó ń sanwó oògùn rẹ̀ ló ń dúró dè. Abẹ́rẹ́ tó ń gún lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún làkúrègbé ọwọ́ rẹ̀ ti tán, wọn ò sì fẹ́ fọwọ́ sí òmíràn. Láìsí i, kí oṣù yìí tó parí, kò ní lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́, irun gígé sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀. Gbogbo èyí yé e dáadáa. Kò kàn ká a lára mọ́ ni. Àfi bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni.

Orin náà dákẹ́.

"Ẹ ṣé tí ẹ ní sùúrù, mà. Janelle lorúkọ mi. Mo ti rí ìwé dókítà yín. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ò tíì kùnà."

"Mi ò tíì kí ni?"

"Kùnà, mà. Oògùn oníhóró kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lò fún oṣù mẹ́ta. Tí kò bá ràn yín lọ́wọ́, a jẹ́ pé ẹ ti kùnà nìyẹn, a óò wá fọwọ́ sí abẹ́rẹ́."

"Mo ti lò ó rí. Ó ti lé lọ́dún méje. Odindi oṣù mẹ́jọ ni mo fi lò ó, mi ò sì lè gbé ife omi."

"Kò sí lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, mà. Ọ̀dọ̀ adójútòfò mìíràn lẹ wà nígbà yẹn. Ṣé dókítà ìgbà náà…?"

"Ó ti kú. Táyà ni wọ́n ń tà nílé ìwòsàn rẹ̀ báyìí."

Ó yẹ kí inú bí i. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, kò rí i. Aṣọ tó fi bo èjìká Armand ti ń yọ̀, ó sì na ọwọ́ sí ike aláwọ̀ ọsàn tó ń kó píìnì sí. Irú ìdérí tí ọmọdé ò lè ṣí ló wà lórí rẹ̀. Lorna náà ò lè ṣí i. Ó gbé e fún Armand bó ti máa ń ṣe.

Armand tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ṣùgbọ́n kò dá a padà. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Pelkey, Lorna," ó ka bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn sókè. "Hóró mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lorna, ṣé kì í ṣe oògùn tọ́mọ yìí ń wí nìyí?"

Mẹ́ta irú rẹ̀ ló wà lórí pẹpẹ, ti píìnì, ti bọ́tìnnì, ti owó wẹ́wẹ́. Ọdún méje ni Lorna ti ń fojú rí wọn lójoojúmọ́ tí kò kà wọ́n.

Janelle gba nọ́ńbà tó wà lára wọn. Ilé oògùn tó ta wọ́n ṣì wà ní òdìkejì títì, ó ní òun á pè wọ́n. Orin náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

"Wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, mà, ó ti wọlé. Ẹ ti kùnà. Ẹ lè lọ gba abẹ́rẹ́ yín lọ́la."

"Ẹ ṣé," ni Lorna wí.

"O kú oríire ìkùnà o," ni Armand wí.

Lorna ò rẹ́rìn-ín. Ó rántí ọjọ́ tí dókítà tó ti kú náà bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pé òun lòun ba nǹkan kan jẹ́.

"Janelle, ṣé ẹ lè kọ ọ́ pé oògùn náà ló kùnà? Pé kì í ṣe èmi?"

"Kò sí àyè fún ìyẹn lórí fọ́ọ̀mù, mà."

Lorna pa fóònù. Ó yí sí etí ọ̀tún Armand, sísọ́ọ̀sì tún já bọ́. Ó dúró kí Armand kà á ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, Armand ò kà á. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti orí àga tòun taṣọ lọ́rùn, ó mú un nílẹ̀, ó na ibi ìdìmú rẹ̀ sí i.

"Sísọ́ọ̀sì yìí ò mọṣẹ́ ẹ̀ rárá," ó ní.

Ìgbà náà ni omi tó bọ́ lójú Lorna.