Ẹ Ka Ọwọ́ Wa

"Ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ ọn, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Ohùn àwọn tó dáhùn kò pọ̀. Àwọn méjì kan tó jókòó níwájú ló ń gbìyànjú láti pariwo fún gbogbo àwọn yòókù.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò fara mọ́ ọn, ẹ ní ó tì!"

"Ó tìiii!" Gbọ̀ngàn mì tìtì. Àwọn ayálégbé tó kún orí àga lókè, níbi tí ará ìlú ti ń wòran, pàtẹ́wọ́ gbàgà, wọ́n rò pé àbádòfin náà ti ṣubú. Abẹnugan ilé aṣòfin kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó gbé òòlù rẹ̀, ó là á mọ́ tábìlì.

"Bẹ́ẹ̀ ni ló borí. A ti ka àbádòfin yìí lẹ́ẹ̀kẹta, ilé sì ti fọwọ́ sí i."

Tíṣà ti dìde kí òòlù náà tó balẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò yàn án wá sílé aṣòfin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ mìíràn pè é.

"Ẹ̀yin Abẹnugan, mi ò gbà! Etí gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a nawọ́ sókè, kí ẹ kà á!"

Iná pupa tó wà lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ kú. Ó gbé ohùn sókè bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Ìlànà ilé kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ rárá: bí ọmọ ilé kan bá ti dìde takò ó kí akọ̀wé tó ka iṣẹ́ tó kàn, dandan ni kí wọ́n ka ọwọ́. Bí akọ̀wé bá ti kà á, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Akọ̀wé ilé jókòó lábẹ́ Abẹnugan nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ojú òun àti Tíṣà ṣe mẹ́rin. Abẹnugan tẹ̀ sílẹ̀, ó sọ nǹkan sí i létí. Akọ̀wé tún gbójú sílẹ̀, ó sì ka iṣẹ́ tó kàn, ọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe páìpù omi.

Àbúrò Tíṣà ni akọ̀wé náà, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn ìjókòó, Tíṣà kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń bọ́ aṣọ dúdú náà lọ́wọ́, apá kan ṣì wà nínú rẹ̀.

"O rí mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"Mi ò wá jókòó. O rí mi àbí o ò rí mi?"

"Mo rí yín."

"Ṣé mo ti dìde àbí mi ò tíì dìde?"

"Ẹ ti dìde. Ṣùgbọ́n Abẹnugan ní kí n kà. Akọ̀wé lásán ni mo jẹ́. Mi ò ní ìbò, mi ò sì lóhùn níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n kà, màá kà."

"O ò lóhùn! Ohùn ẹ nìkan ni wọ́n lò láti pa tèmi mọ́ mi lẹ́nu!" Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. "Ṣé o mọ ohun tí òfin yẹn sọ? Pé onílé lè ju ẹrù èèyàn síta láìjẹ́ pé kóòtù gbọ́ ẹnu ẹni náà. O mọ ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí. Nígbà tí onílé lé Màámi àti àwa síta, ìwọ lo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú òjò lẹ́bàá títì, tí o kọ̀ tí o ò sọ̀kalẹ̀, torí o rò pé tí o bá sọ̀kalẹ̀ wọ́n á gba ìyẹn náà."

"Ẹ má gbé ìyẹn wá síbí, ẹ jọ̀ọ́."

"Níbo ni kí n gbé e lọ?"

Àbúrò rẹ̀ bọ́ apá kejì. "Ẹ pè wọ́n lẹ́jọ́."

"Kí adájọ́ lè sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, pé kóòtù kì í kọ́ ilé aṣòfin bí wọ́n ṣe ń jókòó? Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa. Nígbà ìjókòó tó ń bọ̀, wọ́n á ka àkọsílẹ̀ ti òní fún wa ká tó fọwọ́ sí i, kí àbádòfin náà tó dé ọ̀dọ̀ olórí ìjọba. Màá dìde. Wọ́n á bi ẹ́ léèrè lójú gbogbo ayé. Tí o bá parọ́ mọ́ mi, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ó fa ilẹ̀kùn náà pa gbàmù. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n ti ń dúró dè é. "Tíṣà, ṣé kì í ṣe ó tì ni gbogbo yín sọ ni?"

Nígbà tí ilé tún jókòó, Abẹnugan rẹ́rìn-ín bí Tíṣà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ọmọ ilé wa pẹ́ kó tó dìde," ó ní. "Ẹ má gba tèmi gbọ́. Àbúrò wọn nìyí, kò lè kórìíra wọn. Akọ̀wé, ṣé o ti ń ka iṣẹ́ tó kàn kí wọ́n tó dìde?"

Akọ̀wé dìde, ó di etí aṣọ dúdú rẹ̀ mú.

"Rárá o, ẹ̀yin Abẹnugan. Wọ́n ti dìde. Mo rí wọn, ẹ̀yin náà sì rí wọn, lẹ bá ní kí n máa kà á lọ."

Ariwo sọ lókè. Abẹnugan lu òòlù títí, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Kò rọ́nà gbé e gbà mọ́. Ó ní kí wọ́n nawọ́.

Àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́. Wọ́n pọ̀ ju bí Tíṣà ṣe rò lọ. Nígbà tó kan àwọn tí kò fara mọ́ ọn, ó na tirẹ̀ sókè ṣánṣán, ó sì wo yíká. Ọkùnrin tó jókòó tì í, ẹni tí iṣan ọrùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ já níbi tó ti ń pariwo ó tì lọ́jọ́sí, ti forí bọ abẹ́ tábìlì.

"Kí lẹ ń wá?" Tíṣà bi í.

"Bírò mi."

Bírò náà wà lápò àyà rẹ̀, ó yọrí síta. Àwọn mìíràn ń wo àjà, wọ́n ń wo fóònù. Ọwọ́ tó wà lókè kò tó nǹkan. Àbádòfin náà borí, láìsí àríyànjiyàn kankan lọ́tẹ̀ yìí. Inú tó bí Tíṣà sí Abẹnugan tẹ́lẹ̀ kò tó èyí tó ń bí i sí àwọn wọ̀nyí. Àwọn tó bá a pariwo ló tà á.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ní kí akọ̀wé lọ máa sinmi nílé títí wọn ó fi pè é. Ó wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Màámi, tó ń gbé lọ́dọ̀ Tíṣà, ń gé àlùbọ́sà nínú kíṣìnnì. Tíṣà ṣílẹ̀kùn, kò sọ pé káàbọ̀.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ."

"Mo mọ̀."

"Ká ní o ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, kí àwọn Abẹnugan tó ráyè lọ bá àwọn ọmọ ilé nílé lọ́kọ̀ọ̀kan!"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ lè gbé àbádòfin tuntun wá láti tún òfin yẹn ṣe. Gbólóhùn kan péré ni: kóòtù gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹnu ayálégbé kí wọ́n tó lé e. Ọmọ ilé kan ṣoṣo tó láti gbé e wá. Ní kíkà àkọ́kọ́, wọn kì í dìbò, wọn kì í jiyàn."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ní kíkà kejì, ẹ dìde kí òòlù tó balẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n ka ọwọ́. Ní kíkà kẹta, ẹ tún dìde. Kí àwọn ayálégbé tó wà lókè máa rí ẹni tó nawọ́ àti ẹni tí kò nawọ́."

"Wọ́n á tún dà á nù."

"Ó ṣeé ṣe. A ó tún kọ òmíràn."

Màámi pariwo láti kíṣìnnì: "Ṣé ẹ ti jà tán ni, àbí kí n ṣì dúró níbí?"

"A ò tíì jà tán, Màámi," Tíṣà dáhùn. Ó fa àga kan jáde lábẹ́ tábìlì ìjẹun, ó tì í sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

"Jókòó," ó ní. "Máa kọ ọ́."