Irọ́ Tí Rafiou Pa Nílé Ìwòsàn

Orúkọ ni Rafiou ń kọ sára irin. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ ní Tchaourou, àwọn èèyàn á kó abọ́ àti tíréè wá sí ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, kí ó lè kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ ta lọ́rẹ sí i. Mouniratou, ìyàwó rẹ̀, ló ń jókòó ní apá kejì ìsọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ lòun fi ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, iṣẹ́ rẹ̀ sì gún régé débi pé láti Kika ni wọ́n ti ń gbé aṣọ wá fún un.

Ìṣó àti òòlù ni Rafiou ń lò tẹ́lẹ̀, kí ó tó ra ẹ̀rọ lésà àlòkù, èyí tí ń fi iná kọ̀wé sára irin, lọ́wọ́ Akíndélé, ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Parakou. Ọjọ́ méjì gbáko ni Akíndélé fi kọ́ ọ. Ó ṣàlàyé pé àmì pupa tí ojú ń rí kì í ṣe iná tí ń jó irin. Ó kàn ń tọ́ka ibi tí iná máa bà ni. Iná gan-an, ojú kò rí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi wà nínú àpótí tó ní ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣí i, ẹ̀rọ á dákẹ́.

"Má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yìí o," ni Akíndélé wí. "Bí iná yìí bá bọ́ sára irin dídán, ó lè ta padà bá ẹ níbi tí o dúró sí. Ẹ̀yìn ẹyinjú ló ń lọ."

Ó fún un ní awò ojú kan tí dígí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ó ní iná ẹ̀rọ yẹn nìkan ni wọ́n ṣe é fún, pé awò dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè dí i.

Oṣù méje lọ ní àlàáfíà. Ìgbà tó yá, wọ́n kó tíréè ńláńlá méjìlá wá, kò sì sí èyí tí àpótí gbà. Rafiou kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́. Ó tú ilẹ̀kùn, ó fi wáyà so ohun tí ń dá ẹ̀rọ dúró mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa rò pé àpótí wà ní títì. Ó ní lórí iṣẹ́ yìí nìkan ni. Iṣẹ́ náà parí, ilẹ̀kùn ṣì fara ti ògiri. Ohun tó bá rọrùn kì í pẹ́ di bárakú.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, tíréè kan wà tó tẹ̀ díẹ̀. Ó pe Mouniratou pé kó wá bá òun dì í mú. Awò ojú kan ṣoṣo ló wà, ojú Rafiou ló sì wà. Ó rí i pé ojú ìyàwó òun wà lásán. Ó ní kó má wo ibi tí àmì pupa wà, ó sì tẹ bọ́tìnì.

Mouniratou ní nǹkan kan bù yẹ̀rì lójú òun. Kò dùn ún. Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ fi òwú sí abẹ́rẹ́ ló rí i pé ojú abẹ́rẹ́ ti sọnù. Ibikíbi tó bá tẹjú mọ́, dúdú kékeré kan á jókòó lé e. Ó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Safi, mo rí etí yín, mo rí fìlà yín. Imú yín ni mi ò rí."

Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbà dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mouniratou ń ya ẹnu lọ́wọ́ ni Rafiou ti dáhùn pé iná àwọn wẹ́dà tí ń jó irin pọ̀ ládùúgbò ni ìyàwó òun dúró wò. Ẹ̀rù ló bà á kí wọ́n má béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Mouniratou wò ó títí, ó wá wolẹ̀.

Irọ́ náà ló kọ́kọ́ dé Goro, lọ́dọ̀ Rissikatou, ìyá Mouniratou. Ìyá náà wá pẹ̀lú ìbínú. Ó ní àgbàlagbà tó ti bímọ, tó lọ dúró ranjú mọ́ iná bí ọmọdé, kí ni kí wọ́n ti pe irú rẹ̀? Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń tún un sọ. Mouniratou kò ju kó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá." Rafiou á wà níbẹ̀, á máa nu tíréè tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n lọ rí dókítà ojú ní Parakou. Dókítà obìnrin náà fi iná kékeré yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú wò fún ìgbà pípẹ́. Ó ní iná tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀, iwájú ojú ló sábà máa ń bó, á máa ta èèyàn bí ẹni pé iyanrìn kó sí i, omi á sì máa dà. Ojú àpá kan ṣoṣo ló rí níbí, ní ẹ̀yìn, ní ibi tí èèyàn fi ń kàwé tó sì fi ń rí ojú abẹ́rẹ́. Ó tún béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Rafiou sọ ọ́.

Dókítà kò pariwo. Ó ní òun ò mọ oògùn tó lè dá ibi tó jó padà. "Bí ẹ bá tilẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú náà ì bá san. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn, ṣé ẹ ti dá ilẹ̀kùn rẹ̀ padà?"

Rafiou kò lè gbórí sókè. Títí di àná ló fi ń lò ó ní ṣíṣí, tí Mouniratou jókòó tì í pẹ̀lú ojú kan tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, ó já wáyà náà, ó dá ilẹ̀kùn padà. Lẹ́yìn náà ló gun alùpùpù lọ sí Goro. Ó bá Rissikatou níbi tó ti ń gé ẹbù iṣu, ó kúnlẹ̀, ó rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń bá ọmọ mi wí lórí ohun tí kò ṣe. Ìwọ náà sì wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, Ìyá."

Ó fọwọ́, ó ní kó gbé òun lọ sí Tchaourou, òun fẹ́ lọ bẹ ọmọ òun. Wọ́n dé ìsọ̀, ìyá wọlé. Ìta ni Rafiou dúró sí, ó ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì wúyẹ́wúyẹ́ nínú ìsọ̀. Wọn kò pè é. Ìgbà tí ìyá lọ tán, ó wọlé, ó ní kí Mouniratou dárí ji òun.

"Ti ojú, mo gbà pé àṣìṣe ni," ni Mouniratou wí. "Ti ẹnu yín ńkọ́?"

Mouniratou kò kó jáde, kò sì yan ọkọ rẹ̀ lódì. Ó ti fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, aṣọ tó rọrùn ló ń rán báyìí. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó ṣe ojú rẹ̀, kì í dáhùn. Á kọjú sí Rafiou, á sì dúró. Rafiou á wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, láti orí ilẹ̀kùn tó tú, títí dé ilé ìwòsàn.