Ọdún Méjì Tí Mo Gé Kúrò Lórí Kàfáyá

Èmi ni mo bà á jẹ́, ẹ má wá ẹlòmíràn. Èmi arúgbó tí n kò mọ ọjọ́ orí ara mi, èmi náà ni mo gbéra lọ sí kóòtù l'Ọ́tà, mo lọ búra ọjọ́ orí fún ọmọ ọmọ mi. Bí mo bá rántí, ìdí ara mi ni mo máa ń fọwọ́ gbá, màá rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, omi yẹn ti kọ̀, kò dúró mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Kàfáyá nígbà tí tírélà kọ lu ìyá rẹ̀, ọmọ mi, lójú ọ̀nà Ìdíròkò. Mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Alapoti. Ọdún méjì gbáko ni mo fi í sídìí agbada, tó ń bá mi yan gàrí. Mo ní ilé ẹ̀kọ́ kò kúkú ní sá lọ. Ìgbà tí mo wá dá a padà, ó ga láàárín àwọn ọmọ kíláàsì bí ọ̀pẹ nínú oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń pè é ní "Màmá Kíláàsì." Ojú tì mí. Ni mo bá gé ọdún méjì kúrò lórí ọmọ bí ẹni gé etí aṣọ, akọ̀wé lu òǹtẹ̀, mo sì ń jẹ búrẹ́dì lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pè é fún ìbéèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn tó ń bá ọkọ̀ áńbúláǹsì lọ gbé ẹni tó fara pa. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ń gbà. Iye tó jẹ́ lóòótọ́ nìyẹn, òun náà ló kọ sí fọ́ọ̀mù. Ó ti ní, "Màmá àgbà, ìwé kóòtù ńkọ́?" Mo ní, "Fi sílẹ̀ jàre! Ta ló ń ka ìwé?"

Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé ló ń ka ìwé.

"Kí ló dé tó o fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí?" ló kọ́kọ́ bi Kàfáyá, èmi náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo di ọwọ́ ìyá mi mú lójú títì, sà. Ó ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ká a bí ẹní, wọ́n tì í bọ inú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà yẹn?"

"Mẹ́jọ, sà. Ó pé ọdún mẹ́wàá lóṣù tó kọjá."

Ó ṣí fáìlì. Ìka rẹ̀ dúró lórí òǹtẹ̀ ìwé kóòtù mi. "Ìwé yìí ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́."

Mo fò sókè, àga bá mi dìde. "Ọ̀gá mi, irọ́ ni mo pa! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ọmọdé nìyẹn?"

"Màmá, ẹ búra nígbà yẹn. Ẹ tún ń búra báyìí. Èwo ni ká gbà? Ẹ mú ìwé ibi tí wọ́n bí i sí wá."

"Orí ẹní mi ni wọ́n bí i sí. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbà á."

"Ọjọ́ Ẹtì la máa ti ìwé orúkọ pa, Màmá." Ó pa fáìlì dé.

Lẹ́nu géètì, mo fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo sọ ẹ́ di ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ń kun àtíkè nítorí ẹ̀!"

Kò rẹ́rìn-ín. Tírélà kan ń kọjá, Kàfáyá ń wo táyà rẹ̀.

"Màmá àgbà, ọdún méjì tí ẹ gé yẹn, ṣé èyí tí mo fi wà lọ́dọ̀ ìyá mi ni, àbí èyí tí mo fi yan gàrí?"